Eré Iṣu láti Kambolé dé Sokodé

Nígbà tí àwọn Jámánì ń ṣe ìjọba ní Togo, tí wọ́n ti fìdí ilé iṣẹ́ wọn múlẹ̀ ní Sokodé, gbèsè kan wà lọ́rùn ìlú Kambolé. Baálẹ̀ ìlú ló fa gbèsè náà. Ó ti ṣèlérí fún òyìnbó pé àwọn ọkùnrin ìlú yóò wá ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà, àmọ́ àsìkò ebè kíkọ ni, kò sí ẹni tó yọjú. Òyìnbó ní kí wọ́n fi iṣu dí i, kí iṣu náà sì dé Sokodé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí baálẹ̀ fi kú.

Iṣu kíkó jọ kò le. Ilé kọ̀ọ̀kan kó tirẹ̀ jọ sí àgbàlá. Ohun tó le ni ẹni tí yóò ṣáájú ẹrù náà lọ. Ilé méjì ló ń jẹ baálẹ̀ ní Kambolé, Ilé Òkè àti Ilé Ìsàlẹ̀, wọn kò sì tíì fẹnu kò sí ẹni tí oyè kàn. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ẹni tí òyìnbó bá rí níwájú iṣu, òun ni yóò máa pè ní baálẹ̀. Bí Ilé Òkè bá ní àwọn ni yóò ṣáájú, Ilé Ìsàlẹ̀ á ní ó di ọjọ́ tí àwọn bá kú tán. Bí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán, wọ́n á jókòó níwájú mọ́sálásí, wọ́n á pariwo títí ohùn á fi há, olúkúlùkù á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Iṣu wà nílẹ̀, ó ti ń hù.

Ọ̀rọ̀ yìí ká Sèínábù lára ju ẹnikẹ́ni lọ. Kàsúmù, àgbà Ilé Ìsàlẹ̀, ni bàbá tó bí i. Mùstàfá, ọmọ Làmídì tó jẹ́ àgbà Ilé Òkè, ni ọkọ rẹ̀. Bó bá jí láàárọ̀, ilé ọkọ ló ti ń gbọ́ èébú bàbá rẹ̀. Bó bá lọ kí bàbá rẹ̀, èébú ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Òrí ni Sèínábù máa ń tà ní ọjà Tchamba. Lọ́jọ́ ọjà kan, obìnrin ẹ̀yà Tem kan tó máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ fà á mọ́ra, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ará Kambolé ti san tiyín? Abúlé kan lẹ́yìn Koussountou kò san. Àwọn sójà wọ inú abà wọn. Èbù ni wọ́n kó lọ."

Èbù! Ẹni tí wọ́n kó iṣu jíjẹ rẹ̀ lọ lè jẹ àgbàdo. Ẹni tí wọ́n kó èbù rẹ̀ lọ, kí ni yóò gbìn? Sèínábù kò dúró ta òrí tó kù. Ó gbé igbá rẹ̀ ka orí, ó yára gba ọ̀nà ilé.

"Bàbá Jàríátù," ló wí fún ọkọ rẹ̀ bó ṣe wọlé, "àwọn sójà ń bọ̀ wá kó èbù wa."

Mùstàfá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó mirí. "Bàbá mi ò ní gbà láéláé kí Kàsúmù ṣáájú."

"Kàsúmù tí ẹ ń pè yẹn, bàbá mi ni."

"Èmi ò sọ pé kì í ṣe bàbá rẹ. Mo ní bàbá mi ò ní gbà."

Ní ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe kírun àsùbá tán, Sèínábù ti mọ ohun tó máa ṣe. Ó fi eré wọ àgbàlá. "Bàbá Jàríátù! Ẹ jáde o! Ilé Ìsàlẹ̀ ti ń di iṣu, wọ́n fẹ́ gbéra!"

Àfi bíi pé iná ràn mọ́ òrùlé. Làmídì jáde láìdé fìlà, ó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Òsùká ń fò láti ọwọ́ dé ọwọ́, agbọ̀n ń jáde. Sèínábù kò dúró wò ó. Ó gba ẹ̀yìn ilé, ó sáré dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀.

"Bàba, Ilé Òkè ti ń di iṣu!"

Kàsúmù yọrí lẹ́nu ọ̀nà. Lóòótọ́ ni! Ó fi ojú ara rẹ̀ rí Mùstàfá tó ń ti iṣu bọ agbọ̀n. "Wọ́n fẹ́ rẹ́ wa jẹ!" ló pariwo. "Ẹ gbé ẹrù! Ẹni tó bá lẹ́sẹ̀ kó gbé ẹrù!"

Kí oòrùn tó gòkè, ilé méjèèjì ti wà lójú ọ̀nà, tọkùnrin tobìnrin, iṣu lórí, eruku lẹ́yìn. Ilé Òkè ló wà níwájú. Ilé Ìsàlẹ̀ ń lé wọn bọ̀. Bí àwọn kan bá sọ̀ láti mumi, àwọn kejì á kọjá tẹ̀rín-tẹ̀rín, àwọn tó sọ̀ á sì tún ru ẹrù wọn kíá. Wọ́n sùn lọ́nà, ṣùgbọ́n ojú kan ni wọ́n fi sùn, wọ́n ń fi ìkejì ṣọ́ ara wọn. Nígbà tí wọ́n gba Tchamba kọjá, àwọn ará ọjà fi ọjà sílẹ̀, wọ́n tò sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń hó. Sèínábù wà lára àwọn Ilé Ìsàlẹ̀, agbọ̀n iṣu lórí rẹ̀. Ọrùn ń dùn ún, ẹsẹ̀ ń ta á, síbẹ̀ ẹ̀rín ń pa á. Ìlú tí kò lè gbéra láti ọjọ́ yìí wá ló ń sáré yìí!

Wọ́n dé odò Mono, wọ́n bá a pé ó ti kún. Òjò ti rọ̀ lókè. Ilé Òkè ló kọ́kọ́ dé, Mùstàfá sì bọ́ sínú omi tẹrù-tẹrù, kí wọ́n má baà bá wọn. Ó dé àárín, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Agbọ̀n lọ, iṣu ń léfòó lọ, orí Mùstàfá wọ omi, ó tún yọ.

Sèínábù da ẹrù sílẹ̀, ó ké. Ṣùgbọ́n ohùn bàbá rẹ̀ ló borí tirẹ̀.

"Ẹ dì í mú!" Kàsúmù ń pariwo, ó ti wọ omi dé ìbàdí, àgbàdá àti gbogbo rẹ̀. "Àna mi ni! Ẹ di ọwọ́ ara yín mú, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó lọ!"

Ta ló rántí Òkè, ta ló rántí Ìsàlẹ̀? Wọ́n so ọwọ́ pọ̀ láti etí odò wọ àárín omi, wọ́n fa Mùstàfá jáde, ó ń wúkọ́, ó ń pọ omi. Ìlà tí wọ́n tò yẹn kò sì tú; Kàsúmù àti àwọn ará ilé rẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ fà á dé òdìkejì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbọ̀n ṣọwọ́ sí ara wọn, láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí gbogbo iṣu fi dé òdìkejì. Òkìtì kan ṣoṣo ni. Kò sí ẹni tó lè mọ iṣu ta ni ti ta mọ́.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún aṣọ wọn tí Làmídì fi bèèrè pé, "Kàsúmù, ta ló ní kí ẹ gbéra láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ gbéra?"

"Àwa kẹ̀? Wọ́n ní ẹ̀yin ni!"

Gbogbo ojú yí sí Sèínábù. Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Èmi ni mo purọ́ fún yín, ẹ̀yin bàbá mi. Bí a bá délé, kí ẹ dá ẹjọ́ mi. Bí iṣu yìí ò bá dé Sokodé, àwọn sójà á kó èbù wa lọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà á là."

Kàsúmù wo Làmídì. Làmídì wo iṣu tó wà nílẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. "Ìyàwó," ló wí níkẹyìn, "dìde, gbé ẹrù rẹ."

Wọ́n gba àdúgbò Kouloundè wọ Sokodé, èrò tẹ̀lé wọn bí ìgbà tí wọ́n ń sin ìyàwó. Lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ Jámánì, ògbufọ̀ jáde, òyìnbó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ògbufọ̀ bi wọ́n ní èdè Tem pé, "Ta ni baálẹ̀ yín?"

Sèínábù di etí aṣọ rẹ̀ mú. Bí ẹnì kan bá ní òun ni, ìjà á bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹrù á sì wà níta. Làmídì la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó yíjú wo Kàsúmù, tí àgbàdá rẹ̀ kò tíì gbẹ.

"Sọ fún un," ni Làmídì wí, "pé a ò tíì ní. Kambolé ló ru iṣu wá."

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó gbé iṣu kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún gbé òmíràn. Ó sọ gbólóhùn kan péré, ó yí padà wọlé.

"Ó ní ó ti tán," ni ògbufọ̀ wí. "Ẹ máa lọ. Kò sí gbèsè lọ́rùn yín mọ́."

Ariwo tó sọ! Àwọn obìnrin ń jó, Mùstàfá gbé àna rẹ̀ sókè kúrò nílẹ̀ pátápátá, ẹlòmíràn ń ké "Alihamudulilahi!" títí ohùn rẹ̀ fi há. Sèínábù jókòó sórí òsùká rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀: kó se oúnjẹ fún ilé méjèèjì. Ó se ẹ̀wà tó kún ìkòkò ńlá. Wọ́n jókòó pọ̀, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn kíkankíkan. Ilé Òkè ní àwọn ló kọ́kọ́ dé odò. Ilé Ìsàlẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn ló kọ́kọ́ kọjá.