Mọ́tò Tí Kì í Rú Èéfín

Ẹ bá mi gbọ́ àlá tí mo lá lánàá, ẹ má sì wò mí bí ẹni tó mutí sùn. Ẹ̀bà ni mo jẹ sùn.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe mọ́tò ló ránṣẹ́ pè mí lójú àlá. Ọ́fíìsì wọn léfòó sókè Òṣogbo, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi máńgòrò kan kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ sí Ìkìrun. Mo gun okùn náà dókè. Ọ̀gá wọn, Ẹnjiníà Olúgbodi, fún mi ní àga, ó ní àwọn ti ṣe mọ́tò tuntun tí kì í rú èéfín, tí kì í pariwo, tí kò sì ní ba afẹ́fẹ́ jẹ́.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Kí wá ni tèmi níbẹ̀?"

"Àwọn èèyàn ò gbà pé ó ń ṣiṣẹ́," ni ó wí. "Bí wọn ò bá ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, wọ́n á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á máa tì í. A fẹ́ kí o jókòó síwájú, kí o máa fi ẹnu dún."

Mo gbà. Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, mo sì ní ẹnu.

Bí mo ṣe gbà báyìí, ojú títì la bá ara wa. Ewé ọ̀dùnkún ni wọ́n fi hun mọ́tò náà, kó lè tètè jẹrà bó bá gbó. Iná mànàmáná ló ń lò, ṣùgbọ́n torí pé iná kì í dúró, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sínú búùtù. Jẹnẹrétọ̀ náà ń rú èéfín dúdú kirimú. Mo fi hàn wọ́n. Ẹnjiníà ní ti jẹnẹrétọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti mọ́tò. Mo rò ó wò, mo rí i pé òótọ́ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí ni pé bí mọ́tò tuntun bá yege lójú àwọn ọ̀gá ìjọba, gbogbo mọ́tò tó ti gbó ni wọ́n máa rún wómúwómú. Mo wẹ̀yìn, mo rí Àṣàbí, takisí bàbá mi, tí wọ́n ti tò ó mọ́ àwọn tó ń dúró de ikú. Kí wọ́n tó bí mi ló ti dé ilé wa, mi ò sì fi "ìwọ" bá a sọ̀rọ̀ rí.

"Ẹ kú ìdúró, mà."

"Ọkọ mi," ni Àṣàbí wí, "ṣé ìwọ ni wọ́n gbà síṣẹ́ ariwo?"

"Èmi ni, mà."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé omi bọ́ lójú mi, àmọ́ mo ti gbaṣẹ́. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ohùn Àṣàbí gan-an ló ń ti ẹnu mi jáde, títí kan ikọ́ tó máa ń wú bó bá ń gun òkè.

Àwọn ọ̀gá ìjọba wọlé sínú mọ́tò náà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìdí wọn ṣe kan ewé ọ̀dùnkún, wọ́n di ewúrẹ́. Wọ́n jẹ ìjókòó, wọ́n jẹ ilẹ̀kùn, wọ́n jẹ òrùlé. Ẹnjiníà ń sọ fún gbogbo ayé pé mọ́tò náà tètè jẹrà ju bí àwọn ṣe rò lọ. Ó wá ku èmi, jẹnẹrétọ̀, àti alága àwọn ọ̀gá ìjọba náà, òbúkọ kan tó ṣì so táì mọ́rùn.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi fi Àṣàbí sílẹ̀. Mi ò lè fa ẹni tó ṣáájú mi wọlé lé àwọn onírin lọ́wọ́."

"Ṣé ó ń rú èéfín?"

Mo fẹ́ purọ́, ṣùgbọ́n Àṣàbí dáhùn fúnra rẹ̀. "Mò ń rú u, sà. Mi ò gbé e pamọ́ sí búùtù."

Òbúkọ náà ń jẹ àpọ̀jẹ. Ó ní ká dákẹ́ ná, bí òun bá jẹ ẹ́ tán, òun á dájọ́.

Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti jí mi. "Baba Motún, ẹ sinmi ariwo. Onílé ti jáde láti wá wo ẹni tó ń páàkì."

Mo sáré bọ́ síta. Ilẹ̀ ti mọ́. Àṣàbí wà níbi tí mo gbé e sí. Òbúkọ aládùúgbò wa dùbúlẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Ìyàwó mi fa ìgbálẹ̀ yọ láti lé e, mo bá dì í lọ́wọ́ mú.

"Ní sùúrù," ni mo wí. "Jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ tán."