Àga Kan Tó Kù ní Gbọ̀ngàn Àdúgbò

Àga kan ṣoṣo ló kù ní gbọ̀ngàn àdúgbò wa, mo sì fẹ́ kí màámi jókòó sórí ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbà tí iyè wọn ti ń rá, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ọmọ wọn lè ráyè ṣiṣẹ́.

Télọ̀ ni mí. Màámi ló kọ́ mi níṣẹ́ ọ̀hún. Lóṣù tó kọjá, màámi mú àlùmọ́gàjí, wọ́n gé aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà mi wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n ní ẹ̀fọ́ làwọn ń gé. Mo ti wọ́n mọ́lé, wọ́n lu ilẹ̀kùn títí ọwọ́ wọn fi wú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní òun á máa gbàdúrà. Àdúrà dára o, ṣùgbọ́n àdúrà kì í fọ aṣọ tí ìtọ̀ ti rin gbingbin. Bí wọn ò bá gba màámi, màá ti ṣọ́ọ̀bù pa ni, ebi á sì pa àwa méjèèjì.

Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì gbọ̀ngàn náà máa yẹ màámi wò, mo wẹ̀ wọ́n, mo fi ìpara ra wọ́n lára, mo lọ búláòsì wọn títí ó fi ń dán. Ta ló máa mú ìyá ẹ̀ jáde bí ẹni tí kò lẹ́nìkan? Inú gbọ̀ngàn kan náà làwọn obìnrin àdúgbò ti ń kọ́ òwú híhun, gbogbo wọn ló mọ̀ wá.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá," nọ́ọ̀sì ní. "Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú arúgbó. Ẹ̀yin náà á dàgbà, ọmọ á tọ́jú yín."

"Àmín o. Kí lorúkọ ọmọ yín tẹ́ ẹ jọ wá yìí?"

Màámi wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ tó bá dáa, ṣé ó tún dìgbà tí mo bá pe orúkọ ẹ̀?"

"Ọmọ ọdún mélòó ni yín, Màmá?"

"Àbí ẹ fẹ́ wá ọkọ fún mi ni?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ́ ilé nìkan ló kù lára màámi, gbogbo ìyókù ti lọ.

Nọ́ọ̀sì wá kọjú sí mi. "Ṣé wọ́n máa ń tọ̀ sára, àǹtí? Ṣé wọ́n máa ń ba nǹkan jẹ́?"

Ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń hun òwú dúró. Màámi di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń wo ẹnu mi. Ìyá tó bí mi lọ́mọ! Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ lójú wọn?

"Rárá o," mo ní. "Ó kàn máa ń rẹ̀ wọ́n díẹ̀ ni."

"Ẹ yáa máa dúpẹ́. Àwọn tí tiwọn le jù là ń gbà."

Bírìkìlà kan ló tẹ̀ lé wa, òun àti bàbá ẹ̀. Kò tiẹ̀ tíì jókòó tó fi pariwo pé, "Bàbá mi ń yàgbẹ́ sára lójoojúmọ́!" Mo ṣẹnu ṣùtì sí i, mo ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Bàbá ẹ̀ ló gba àga náà. Nígbà tí mo padà lọ bá nọ́ọ̀sì, tí mo sọ òótọ́ sí i létí, ó ní ó ká òun lára gan-an, àmọ́ àyè ti tán. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Mo sunkún dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Màámi fi etí búláòsì wọn nù mí lójú.

"Ẹ má sunkún mọ́, àǹtí," wọ́n ní. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sìn mí dé ibí. Mo lọ́mọ kan tí mo kọ́ níṣẹ́ télọ̀, kò wá wò mí rí."

"Á wá, mà," mo ní.

Mo ṣílẹ̀kùn, mo gbé àlùmọ́gàjí pamọ́, mo gbé àga fún wọn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an, bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò.