Àpò Ẹnì Kan

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ni kẹ̀kẹ́ yìí. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé àpò ẹnì kan là ń wá kiri?"

Màmá wa ló bèèrè, láàárín ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àpò ìrìnàjò. Bàbá wa yíjú sí ògiri bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣí síìpù àpò kan, ó ń fà á dé. Èmi náà wolẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ òkè ni, èyí tí táyà rẹ̀ tóbi, tó lè gun àpáta kó sì sọ̀ kalẹ̀ láìdojú ẹni tó gùn ún dé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la pawọ́ pọ̀ rà á. Bí ọ̀kan bá ń gùn ún, èkejì á dúró. Nígbà tí ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ kan wá láti òkèèrè láti yan ẹni tó máa bá wọn lọ, ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ gùn ún, torí òun ni ẹ̀gbọ́n. Nílé wa, àgbà ló ń kọ́kọ́ bu omi wẹ̀, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú ẹran, kò sì sẹ́ni tó rò pé ti òkè yàtọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ dé odò ló ń mu omi tó tòrò: ìgbà tó fi máa kàn mí, bíréèkì ẹ̀yìn ti jẹ tán. Bàtà ni mo fi ṣe bíréèkì títí mo fi dé ìsàlẹ̀. Ẹnì kan ni wọ́n ní àwọn ń wá, wọ́n sì mú ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dání, pé ní ọjọ́ kejì tó bá dé ni yóò gùn ún lójú àwọn ọ̀gá, kí wọ́n tó gbà á wọlé pátápátá.

Ìlérí kan ló mú kí n gba kámú. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí òun bá ti wọlé, òun á dárúkọ mi fún kóòṣì wọn, pé àbúrò òun wà nílé tó mọ òkè gùn ju òun lọ. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ìlérí yẹn ni mo gbé lé àyà tí mo fi bá wọn wá àpò.

Oríṣi méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ àpótí oníke líle, ẹlẹ́sẹ̀ táyà kéékèèké. Bó o bá ti yọ táyà kẹ̀kẹ́ nìkan, ó ti wọlé nìyẹn. Èkejì jẹ́ aláṣọ tó nípọn, pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ tú kẹ̀kẹ́ náà palẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ àpótí. Ó ní àpótí làwọn yòókù máa gbé wá, òun ò sì fẹ́ dé ibẹ̀ bí alágbàfọ̀ tó ń gbé aṣọ oníbàárà kiri. Ẹni tó ń ta àpò náà, Ó-Gbà-Á làwọn èèyàn ń pè é, torí kò sí ohun tó o lè bi í tí kò ní dá ọ lóhùn pé ó gbà á. A ní àpótí ńkọ́? Ó ní ó gbà á. A ní aláṣọ ńkọ́? Ó ní ó gbà á. Bàbá wa bi í bóyá ó gba erin. Ó ní erin tó tó báwo.

Èmi ni mo ṣe ìṣirò. Mo ti fẹ́ràn àdììtú láti kékeré, ìṣirò náà ni mo sì kà ní yunifásítì. Kílò mẹ́tàlélógún ni bàálù gbà fún ẹrù kan. Kẹ̀kẹ́ nìkan jẹ́ mẹ́rìnlá, àpótí òfìfo jẹ́ mọ́kànlá. Àpò aláṣọ ò ju márùn-ún lọ, bàtà àti akoto á ráyè wọ̀ ọ́. Màmá wa, tó jẹ́ aránṣọ, fi èékánná tọ ojú rírán rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní ìlọ́po méjì ni wọ́n rán an, kò ní tú. Bàbá wa ní àpótí ò tiẹ̀ lè gba àtẹ̀gùn wa kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí títí, ó wá rẹ́rìn-ín.

"Tú-u-tò-ó," ó ní, "o kàn fẹ́ tú u ni."

Ìnagijẹ mi nìyẹn nílé. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì gbé èyí tó jẹ́ aláṣọ.

Lọ́jọ́ ìrìnàjò, a tẹ́ aṣọ àtijọ́ sílẹ̀ ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ màmá wa. Ẹ̀gbọ́n mi yọ táyà iwájú, èmi yọ tẹ̀yìn. Mo yọ pẹ́dà méjèèjì, títí kan ti apá òsì tí wọ́n máa ń tú sí òdì. Mo yọ ìjókòó, mo yọ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, mo fi àgékù aṣọ wé gbogbo rẹ̀. Nǹkan kéékèèké ń wọ inú ọ̀rá kan. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà, kí n má purọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wá yẹ inú ọ̀rá náà wò, ó ní ọ̀pá táyà iwájú dà?

Ọ̀pá yìí, tí kò gùn ju gègé ìkọ̀wé lọ, ló ń gba àárín táyà kọjá tó ń dè é mọ́ kẹ̀kẹ́. Bí kò bá sí, táyà iwájú ò lè dúró, irú rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà káàkiri. Ẹni tó bá gbé kẹ̀kẹ́ aláìnítáyà iwájú dé iwájú àwọn ọ̀gá, ilé ló máa padà sí.

A gbọn aṣọ àtijọ́. A yí ìrọ̀rí àga padà. Bàbá wa na tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ tábìlì. Màmá wa gbá abẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́ tó ti ṣẹ́ ló rí. Igi kẹ̀kẹ́ náà, egungun rẹ̀ tó ṣẹ́kù, dúró láàárín pálọ̀, kálukú ń yà fún un bó ṣe ń kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ ṣíwọ́. Kò pariwo.

"Gbé e jáde."

"Kí ni kí n gbé jáde?"

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n tú. Ìwọ náà lo ní ká ra èyí tá a máa tú."

Mo wo bàbá wa. Ó ní bí mo bá mọ ibi tó wà kí n sọ, pé ọkọ̀ ti fẹ́ dé, pé kò sẹ́ni tó máa nà mí. Bí ẹni pé mo ṣì wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Mo wo màmá wa. Ó sún mọ́ mi, ó ní kí n má bínú, ó sì ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò mi, ó fà á síta bó ṣe máa ń fà á tó bá ń tún un rán. Ohun tó dùn mí jù ni pé èrò pé kí n fi í pamọ́ ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Èmi tí mo fẹ́ràn àdììtú, wọ́n ti tú èyí láìbi mí, èmi ni wọ́n sì rí nídìí rẹ̀.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí ni màá fi ṣe? Ṣebí ìgbà tẹ́ ẹ bá wọlé lẹ máa dárúkọ mi. Bí wọ́n bá dá yín padà, èmi náà gbé."

"Orúkọ wo?" Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Wọ́n ti bi mí lọ́jọ́ tí wọ́n wá yan èèyàn gan-an. Kóòṣì ní ta ni ẹni tó fi bàtà ṣe bíréèkì yẹn, pé bó bá ní kẹ̀kẹ́ kí òun náà máa bọ̀. Mo ní o ò ní."

Ọwọ́ màmá wa ṣì di àpò ṣòkòtò mi mú. Bàbá wa jókòó sórí apá àga.

"O ò sì ní," ẹ̀gbọ́n mi tún ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ọ̀kan ni kẹ̀kẹ́."

Ọkọ̀ fọn fèrè níta. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé igi kẹ̀kẹ́ náà wọ àpò, torí yálà ọ̀pá wà tàbí kò sí, kẹ̀kẹ́ ń lọ. Mo di ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ mú, níbi tí táyà ti máa ń wà. Ohun kan dábùú láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, dúdú lára dúdú, ó dè pinpin: ọ̀pá náà ni. Ẹni tó bá mọṣẹ́, bó bá ti yọ táyà tán, ibẹ̀ náà ló ń dá ọ̀pá padà sí, kí ẹsẹ̀ méjèèjì má bàa tẹ̀ wọnú bí ẹrù bá gorí rẹ̀ nínú bàálù. Ẹ̀gbọ́n mi ló yọ táyà iwájú.

Mo gbé igi kẹ̀kẹ́ náà sókè kí gbogbo wọn lè rí i.