Ọkọ̀ Thawin Kò Tíì Gbàgbé Ọ̀nà

Ẹ̀rù ń ba Uraiwan lọ́jọ́ tí wọ́n máa ti ọkọ̀ bàbá rẹ̀ sómi, kò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀. Ọkọ̀ yẹn ni Thawin bàbá rẹ̀ fi pẹja títí omi fi gbé e lọ nínú ọ̀nà tóóró tó wà láàárín erékùṣù méjì tí à ń wò lọ́ọ̀ọ́kán yìí. Ọkọ̀ padà wálé, Thawin ò padà. Òkú rẹ̀ gan-an ò padà. Ni wọ́n bá dojú ọkọ̀ dé sábẹ́ igi létíkun, ìdin igi ń jẹ ẹ́, òjò ń pa á, Lamun ìyàwó Thawin sì ń lọ jókòó tì í láràárọ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn.

Nítorí Lamun yìí ni Uraiwan ṣe ní kí wọ́n tún ọkọ̀ kàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé ẹja ló ń wá. Ìyá rẹ̀ ló ń wá. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, tó máa ń bá ọkọ rẹ̀ fa àwọ̀n tí àwọn ọkùnrin á máa wò ó tìyanutìyanu, òun ló wá di ẹni tí a kí tí kò jẹ́ni lóhùn. Oúnjẹ, à ń bẹ̀ ẹ́ kó tó jẹ. Uraiwan rò ó títí, ó ní bí ọkọ̀ yìí bá lè padà sómi, ìyá òun náà á padà sáyé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun náà mọ̀ pé òkú kejì ló kù tí òun máa sin.

Bàbá Khlai, káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ fún gbogbo etíkun, ló bá a yọ àwọn pákó tó ti jẹrà. Ó fi òwú àti oje igi dí ibi tí pákó ti pàdé pákó, ó kùn ún lọ́dà, ó gbé ẹ́ńjìnì mọ́tò àlòkù kan lé ìdí ọkọ̀, pẹ̀lú irin gígùn tó gbé fáànù sẹ́nu tó ń na ìrù sẹ́yìn sínú omi, bí ọkọ̀ gbogbo wa ṣe rí. Imú ọkọ̀ tó ga sókè yẹn nìkan ni kò fọwọ́ kàn.

"Ilé Ìyá Ọkọ̀ nìyẹn," ó ní. "Èmi ò kí ń wọlé onílé láì kan ilẹ̀kùn."

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nílẹ̀ wa pé obìnrin ń gbé inú imú ọkọ̀. Òun ló ń ṣọ́ ọkọ̀, òun là ń so aṣọ aláwọ̀ mẹ́ta àti òdòdó fún, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé orí rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá tún máa sọ̀ kalẹ̀ sómi, a ó pè é padà wọlé. Nílé Thawin, ìyàwó ilé ló ń so aṣọ náà, ẹni tó bá sì so ó nìkan ló lè tú u.

Wọ́n gbé adìẹ bíbọ̀ sílẹ̀, wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹlẹ́rìndòdò pupa tì í, wọ́n tan tùràrí. Uraiwan na aṣọ sí ìyá rẹ̀, kò mọ̀ bóyá á gbà á. Lamun gbà á. Ó dìde! Ó so aṣọ náà, ó pẹ́ nídìí ẹ̀ gan-an, ó sì fi ẹnu kan pákó, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sí ọkọ rẹ̀ létí. Inú gbogbo èèyàn dùn. Báńgà bẹ̀rẹ̀ sí í dún pàràpàrà.

"Ó yá o, ẹ fi èjìká tì í!" Bàbá Khlai kígbe.

Àwọn ọkùnrin kò tíì tì í tán tí ọkọ̀ fi já lọ́wọ́ wọn, ó sáré wọ omi. Det, aládùúgbò wọn tí kì í panu mọ́, fi ojú gbalẹ̀, ó dìde pẹ̀lú iyanrìn lẹ́nu.

"Ta ló fà á?" ó ní. "Ẹnì kan fa ọkọ̀ yìí látinú omi!"

Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi lọ sílé. Lamun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín sí Det. Òkun ló ń rẹ́rìn-ín sí.

Àbí ẹ rò pé wíwa ọkọ̀ onírù gígùn rọrùn? Kò ní búréèkì, kò mọ ẹ̀yìn lọ. Bó o bá ti irin sápá òsì, imú á yà sápá ọ̀tún. Bó o bá tẹ irin mọ́lẹ̀ jù, fáànù á yọ sókè, á máa lu afẹ́fẹ́, á bu omi sí ẹ lójú. Bàbá Khlai jókòó sáàárín ọkọ̀, ó ń pariwo mọ́ Uraiwan.

"Má bá a jà! Ṣé ọkọ tó ń pẹ́ níta ni? Gbé ìbàdí tì í! Apá nìkan ò lè mú irin yẹn!"

"Bàbá, mo gbé ìbàdí tì í!"

"Ìbàdí wo? Ọmọ yìí, Thawin ò bí ẹ ní ìbàdí rárá."

Uraiwan rẹ́rìn-ín, ó gbé ara tì í. Ìgbà yẹn ló mọ̀ ọ́n lára. Nǹkan kan bá a tì í. Ó rọra wá lé ọwọ́ rẹ̀ lórí, kò gbóná, kò tutù, ó wúwo bí ọwọ́ àgbà, ó sì yí irin náà díẹ̀ síbi tí kò ní í lọ́kàn láti yí i sí. Ọkọ̀ yà. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ó rí òkìtì iyanrìn abẹ́ omi tó yẹ kí wọ́n forí sọ. Bàbá Khlai náà rí i. Ó wo Uraiwan, ó wo irin.

Àtìgbà náà ni ọwọ́ yẹn ti ń wá. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gba ìgbì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọ́ ọ ìgbà tó yẹ kó pa ẹ́ńjìnì kí ọkọ̀ lè fúnra rẹ̀ rìn débi ìdákọ̀ró. Ẹ̀kọ́ ló jẹ́, ẹ̀kọ́ gidi. Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣí ẹ́ńjìnì dáadáa, ọkọ̀ á kọjú sí ọ̀nà tóóró àárín erékùṣù yẹn, àfi kó fi gbogbo agbára bá irin náà jà kó tó lè yí i padà. Bó bá wà lórí ìdákọ̀ró ńkọ́? Gbogbo ọkọ̀ yòókù létíkun, ibi tí omi bá ń ṣàn bọ̀ ni wọ́n ń kọjú sí, omi á yí wọn, wọ́n á yí. Tiwọn ò yí. Tọ̀sán-tòru, omi kún, omi fà, ọ̀nà tóóró yẹn ló kọjú sí bí ajá tó ń retí olówó rẹ̀.

"Uraiwan!" Det kígbe sí i látẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù oníkọfí. "Ṣé ìwọ lò ń wa ọkọ̀ ni, àbí ọkọ̀ ló ń wà ẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n Det, ẹ kọ́kọ́ tu iyanrìn ẹnu yín dànù ná!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Uraiwan so okùn ọkọ̀, ó tún un so lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ ìsìn tó tẹ̀lé e, ó lọ pààrọ̀ òdòdó imú ọkọ̀. Atẹ́gùn gbé aṣọ aláwọ̀ mẹ́ta sókè, ó sì rí ohun tí wọ́n so sábẹ́ wọn. Aṣọ ìbàdí ni, onílà pupa àti funfun, ó ti ṣá. Ta ni kò mọ aṣọ tí Thawin fi ń wẹ̀, tó fi ń nu òógùn, tó ń wé mọ́rí lójú oòrùn? Ojú ẹsẹ̀ ló lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí iná.

"Màámi, aṣọ bàbá ń ṣe kí ni nímú ọkọ̀?"

Lamun yí ẹja padà lórí iná. "Mo pè é, ó wá."

"Ìyá Ọkọ̀ la máa ń pè!"

"Ìyá Ọkọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí omi gbé ọkọ mi. Kí ló ṣe? Ó jókòó, ó ń wòran. Mo lé e. Ọkọ mi ni mo ní kó wá gbébẹ̀." Ó mú ẹyinjú ẹja, ó fi sẹ́nu. "Jẹun. O ti rù jù, o wá dà bí igi ìṣáná. Ta ló máa fẹ́ ẹ báyìí?"

Uraiwan fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ ń jẹun! Ìyá rẹ̀ ń bú u! Ó ti tó ìgbà wo tí wọ́n ti bú u dáadáa nínú ilé yẹn?

Nígbà tó sọ fún Bàbá Khlai, ìdààmú bá baba náà. "Ẹ̀ẹ̀ẹ́! Lamun ti ṣe ohun tẹ́nikẹ́ni kì í ṣe. Uraiwan, ọkọ̀ ni Ìyá Ọkọ̀ mọ̀ nílé. Òkú ńkọ́? Ibi tó kú sí ló mọ̀ nílé, ibẹ̀ ló sì máa ń lọ. Sọ fún ìyá ẹ kó tú u."

Uraiwan ní òun á sọ. Kò sọ. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ìyá rẹ̀ nìkan kọ́ ni kò fẹ́ kí aṣọ náà kúrò. Òun pàápàá ti ń yára lọ sójú omi láràárọ̀ nítorí ọwọ́ yẹn. Ẹni tó ti dá ilé gbé sórí látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti lọ, tó wá rẹ́ni bá a di nǹkan mú, ṣé á ní kó máa lọ?

Bẹ́ẹ̀ ni Lamun ṣe jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun náà á lọ sójú omi. Ó wọ bùbá tó dáa, ó pa àtíkè sójú. Inú Uraiwan dùn débi pé ó gbàgbé ẹ̀rù pátápátá. Ó di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú gòkè, Lamun jókòó sáàárín, ó kọjú síwájú. Òkun parọ́rọ́, oòrùn ń ràn. Bí wọ́n ṣe kúrò létíkun báyìí, imú ọkọ̀ yà sí ọ̀nà tóóró.

Uraiwan ti irin. Kò mì. Ó gbé ìbàdí tì í, ó gbé gbogbo ara tì í, ó ń ké bí ẹni tí nǹkan já mọ́ lára. Ọwọ́ tó wà lórí ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ olùkọ́ mọ́. Ó dì í mú gírígírí. Omi ń fà lákòókò náà, ó ń tú jáde láàárín erékùṣù méjèèjì, ó ń hó lára àpáta. Ni Uraiwan bá pa ẹ́ńjìnì.

Ariwo dákẹ́. Fáànù dúró. Ọkọ̀ ò dúró. Omi ń sáré bọ̀ wá pàdé wọn, ọkọ̀ sì ń gun omi náà lọ, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, láìsí ohunkóhun tó ń tì í.

"Màámi, ẹ tú aṣọ yẹn!"

Lamun ti dìde dúró. Ojú rẹ̀ ń dán. "Bàbá ẹ ló ń wà á. Ṣé bàbá ẹ máa pa ẹ́ ni?"

"Wọn ò mọ̀ pé àwọn ń pa mí! Ẹ tú u, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ so ó!"

"Kí n lé ọkọ mi padà sínú omi? Ìwọ náà fẹ́ ẹ níbẹ̀. Ṣé o rò pé mi ò rí ẹ ni? O máa ń rẹ́rìn-ín sí irin yẹn."

Ọ̀rọ̀ náà dun Uraiwan wọ eegun, torí òótọ́ ni. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní, ó ti ń sunkún. "Bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kú, Màámi. Ẹ wojú mi. Mi ò fẹ́ kú."

Lamun yíjú padà. Látìgbà tí omi ti gbé Thawin, òkun ni obìnrin yìí ń wò. Kò tíì wo ojú ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó wá wò ó báyìí. Ó rí ewú lórí ọmọ tó bí. Ó rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó bó, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lára irin. Ó wò ó, ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà.

"Thawin!" Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀, etíkun wa ti pàdánù rẹ̀ tipẹ́. Ó ń fi eékún wọ́ lọ sí imú ọkọ̀. "Thawin! Ṣé omi ti fọ́ ẹ lójú ni? Ọmọ ẹ nìyí! Mo ní kó o wá gbé lọ́dọ̀ wa, ṣé mo ní kó o wá kó wa ni? Olójúkòkòrò! Bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe lọ́jọ́sí tí a jọ wà nínú ọkọ̀ yìí, mo ní ká máa lọ sílé, o ní ó ku ẹja kan! Fi ọmọ mi sílẹ̀! Èmi á wá bá ẹ, mo mọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n kì í ṣe tòní, kì í ṣe pẹ̀lú ọmọ yìí!"

Iyọ̀ òkun ti mú kí ìdè aṣọ náà le koko. Ó fi èékánná já a, kò já. Ó fi eyín bù ú, ó ń já a, ó ń bú u, ó ń sunkún, àpáta ti súnmọ́ débi pé ìtàsí omi ń tutù sí wọn lára. Ìdè tú. Ó di aṣọ náà mú mọ́ àyà díẹ̀. Ó sì jù ú sómi.

Ọkọ̀ dúró gbọnrangandan. Lẹ́yìn náà ni omi gbé e, ó yí i po, ó ń dá a padà sẹ́yìn bó ṣe ń dá ọkọ̀ gbogbo ayé padà.

Uraiwan tan ẹ́ńjìnì. Ó di irin mú, ó gbé ìbàdí àti èjìká tì í bó ṣe ti mọ́ ọn lára, ọkọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó ń bá a tì í. Irin náà fúyẹ́. Ó yí i sọ́tùn-ún, ọkọ̀ lọ. Ó yí i sósì, ọkọ̀ gbọ́. Ó ti mọ ọkọ̀ wà. Ó kọjú rẹ̀ sílé, ó sì bú sẹ́kún, irú ẹkún tí kò ráyè sun lọ́jọ́ tí wọ́n wá sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ò dé, torí ìyá ló ń tọ́jú nígbà náà. Òní ni Thawin kú lójú ọmọ rẹ̀.

"O ti wá mọ̀ ọ́n báyìí," Lamun wí, láìyíjú. "Bó ṣe máa ń fúyẹ́ nìyẹn. Bí ẹ̀gbẹ́ kejì ẹní mi ṣe rí nìyẹn, lójoojúmọ́."

Lamun nu ẹnu rẹ̀ tí iyọ̀ àti okùn aṣọ lẹ̀ mọ́, ó rọra rìn wá sí ìdí ọkọ̀, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀. Kò fọwọ́ kan irin náà.

"Máa wà á lọ," ó ní. "Èmi ń wò ẹ́."