Ó Gbá Gíláàsì Lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi wa áńbúláǹsì tó ń gbé ọmọdé tí àìsàn wọn le láti ilé ìwòsàn kékeré lọ sí èyí tó tóbi. Bàbá Pẹ̀lẹ́ làwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè mí. Wọ́n a ní bí mo bá gbé ìyàwó, kó tó dé ilé ọkọ, ọkọ á ti fẹ́ ẹlòmíràn. Ọmọ tí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ lọ́fun kó lè mí, ẹyin ni. Ẹni tó gbé ẹyin kì í sáré.

Gíláàsì kékeré kan ló wà láàárín iwájú ọkọ̀ àti ẹ̀yìn. Bí nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn bá gbá a lẹ́ẹ̀kan, kí n máa lọ. Bó bá gbá a lẹ́ẹ̀mejì, kí n dín eré kù. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí n dúró lójú ẹsẹ̀: rọ́bà ti yọ nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọmọ ọmọ mi ni wọ́n gbé sẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́ta. Rọ́bà wà lọ́fun rẹ̀, kò lè dá mí mọ̀. Awakọ̀ kejì kò sí nítòsí. Ọmọ mi obìnrin, ìyá ọmọ náà, jókòó tì mí níwájú.

"Bàbá, ẹ tẹ iná."

"Jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi."

"Iṣẹ́ wo? Ẹ ò rí i pé ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ fẹ́ yà wá sílẹ̀ ni?"

"Fọkàn balẹ̀."

Ó yíjú sí mi. "Ká ní ọmọ bọ̀ọ̀dá mi ni, ṣé bí ẹ ó ṣe máa fà nìyí? Láti kékeré mi, tèmi kì í yá yín lára."

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Síbẹ̀, mo tẹ iná.

Nọ́ọ̀sì gbá gíláàsì lẹ́ẹ̀mejì. N kò dín eré kù. Kòtò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo tí mo mọ̀ bí mo ṣe mọ ẹnu ọ̀nà ilé mi. Lójoojúmọ́ ni mo máa ń yà fún un. Lọ́jọ́ náà, mo kó sí i.

Gíláàsì dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo dúró.

"Kí ló dé? Ta ló ní kẹ́ ẹ dúró?"

"Nọ́ọ̀sì ni."

Mo di sítíárì mú, mo ń wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ọmọ mi ń fọwọ́ lu gíláàsì, ó ń bú nọ́ọ̀sì tìyá-tìyá. Nígbà tí ìró ẹyọ kan dún padà, mo rọra wa ọkọ̀ lọ. A dé ọ̀hún, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá ọmọ náà.

Nọ́ọ̀sì kò sọ̀rọ̀ mi fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọmọ mi mú bébà àti bírò wá bá mi ní yàrá.

"Bàbá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbọ́ tèmi, tẹ́ ẹ sáré. Nọ́ọ̀sì tó dá wa dúró sójú títì yẹn ló pa mí lọ́mọ. Ẹ bá mi kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀, kí wọ́n lé e dànù. Ẹ̀yin lẹ mọ lẹ́tà kọ."

Mo ní kó jókòó. Mo kọ déètì. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ awakọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Mo kọ ohun tí ẹ̀ẹ̀mejì túmọ̀ sí, àti pé mo gbọ́ ọ, n kò sì dín eré kù. Mo kọ kòtò. Mo kọ ohun tí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta túmọ̀ sí. Ohun tí ọmọ mi sọ fún mi nínú ọkọ̀, n kò kọ ọ́.

"Kí lẹ kọ tó pọ̀ tó báyìí?"

Mo yí bébà náà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kà á tán, kò wò mí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.