Ta Ló Ń Tún Róbọ́ọ̀tì Náà Ṣe?

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń yá àwọn ará Yokote, nílẹ̀ Japan, ní àwo fíìmù, mi ò sì tíì rí ẹni tó mọ ánímé, fíìmù àwòrán ilẹ̀ wa, jù mí lọ nínú ìlú yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ìjà, mo mọ èyí tí ẹ̀ṣẹ́ inú rẹ̀ ń dun ẹni tó ń wòran. Ẹni tó bá fẹ́ ìfẹ́, iwin, bọ́ọ̀lù tàbí oúnjẹ, mo ní tirẹ̀. Àṣà ilé iṣẹ́ wa ni pé kí á fi ọwọ́ ara wa kọ káàdì kékeré sábẹ́ fíìmù tí a bá fẹ́ràn, kí oníbàárà lè mọ ohun tó máa yá. Káàdì tèmi ló ń mú kí pẹpẹ ṣófo.

Àyàfi pẹpẹ fíìmù róbọ́ọ̀tì. Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ, òun ni ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá wa Sugawara, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí mo lè bí lọ́mọ, dúró níwájú pẹpẹ náà pẹ̀lú páálí òfìfo mẹ́rin.

"Àǹtí Tokie, ẹ má bínú. Mo fẹ́ kó àwọn róbọ́ọ̀tì yìí kúrò, kí n to ìbòrí fóònù síbẹ̀."

"Ẹ kúkú kó ọkàn mi mọ́ ọn, ọ̀gá."

"Eruku nìkan ló ń yá wọn, mà."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Níkẹyìn ó ní bí gbogbo àwo méjìlá ti eré kan ṣoṣo lórí pẹpẹ náà bá wà níta lẹ́ẹ̀kan náà kí á tó ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Àìkú, pẹpẹ náà dúró. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú jù.

Mo mú eré kan tó ń jẹ́ Eékún Irin, mo kọ káàdì tuntun sí i: gíga róbọ́ọ̀tì náà, bó ṣe wúwo tó, iye ìbọn tó gbé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá, Ọjọ́rú kọjá, kò sẹ́ni tó yà síbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìyá Onodera wọlé. Katapílà tó ń kó yìnyín kúrò ní títì ló ń wà fún ìjọba ìlú, ó sì ti ń wà á kí n tó wọlé ọkọ. Fíìmù ìjà ló sábà máa ń yá. Ó ka káàdì mi, ó bọ́ dígí ojú rẹ̀.

"Tokie, ìwé ọkọ̀ lo kọ yìí ni?"

"Róbọ́ọ̀tì ni, mà. Gíga rẹ̀ tó..."

"Mo ti rí gíga rẹ̀. Ta ló ń tún un ṣe tó bá bàjẹ́?"

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Èyí tí mò ń wà, bí mo bá fi kọ òkúta lẹ́ẹ̀kan péré, Hatakeyama mẹkáníìkì wa á bá mi jà fún ọ̀sẹ̀ kan. Irin tó ga ju ilé lọ, tó ń fò, tó ń jà, kò wá sẹ́ni tó ń pariwo mọ́ ẹni tó ń wà á? Irọ́ ni."

Mo tún káàdì mi wò. Ohun tó wà nínú Eékún Irin gan-an nìyẹn: ọmọbìnrin mẹkáníìkì kan tí kì í kúrò lábẹ́ róbọ́ọ̀tì, àti awakọ̀ kan tó ń ba eékún ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ lójoojúmọ́. Aáwọ̀ àwọn méjèèjì ló máa ń pa mí lẹ́kún. Mo wá fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mò ń pa làpálàpá. Mo fa káàdì náà ya, mo kọ òmíràn lójú rẹ̀: "Fún gbogbo ẹni tó ń wa ẹ̀rọ ńlá, àti ẹni tó ń bá wọn jà nítorí rẹ̀. Ta ló jẹ̀bi eékún yìí?"

Ìyá Onodera kà á, ó mú àwo kìíní, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta, kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ Àìkú, yìnyín ti ń já bọ́ láti ìdájí, nígbà tí a fi máa ṣílẹ̀kùn, a ò rí ibi tí àwọn oníbàárà ń gbé ọkọ̀ sí mọ́. Sugawara ti ń lẹ ìdí páálí.

"Ẹ jẹ́ kó dìrọ̀lẹ́ ná, ọ̀gá."

"Mà, ta ló fẹ́ gba inú eléyìí wá?"

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Omijé bọ́ lójú mi, àgbà bíi tèmi, nítorí róbọ́ọ̀tì. Ojú ò sì tì mí.

Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Katapílà aláwọ̀ ọsàn kan wọ iwájú ilé, ó lọ, ó bọ̀, ilẹ̀ mọ́. Ìyá Onodera sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e, àgbàlagbà méje nínú bàtà òjò, tí iṣẹ́ òwúrọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Wọn ò tíì wọlé tán tí mo ti ń gbọ́ ìjà wọn.

"Ọmọbìnrin yẹn ló jàre," Hatakeyama ń wí. "Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tí mo ti ń sọ ọ́ fún yín."

"Ẹ gbẹ́nu dákẹ́," ìyá Onodera dá a lóhùn. "Ẹ̀yin ẹ wá fojú rí òkúta lábẹ́ yìnyín." Ó gbé àwo kìíní lé káńtà, ó gbé ráádíṣì oníèéfín kan, gbòǹgbò ẹ̀fọ́ tí a máa ń fi èéfín gbẹ nílùú wa, tì í fún mi. "Tokie, kó ìyókù wá. Láti ìgbà tí a ti jọ wò ó, wọn ò jẹ́ kí n sinmi."

Mọ́kànlá lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwo kìíní tó dá padà nìkan ló ṣẹ́ kù sórí káńtà. Mo rí i, Sugawara náà rí i.

"Mọ́kànlá ni, mà. Méjìlá ni mo wí."

Mo fi àwo náà sílẹ̀ níbẹ̀. Kò tún sẹ́ni tó wọlé mọ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ṣùgbọ́n mo ń ṣọ́ ọ: ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọjá níwájú káńtà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló yí àwo náà padà.

"Àǹtí Tokie, ta ló jẹ̀bi gan-an?"

"Mi ò ní sọ."

"Ẹ fi díẹ̀ ta mí lólobó."

"Ó wà nínú àwo, ọ̀gá."

Ó mí kanlẹ̀, ó sì yọ káàdì oníbàárà tirẹ̀ lápò. Mo fara balẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí mo fẹ́ jẹ̀gbádùn rẹ̀.

"Méjìlá," mo wí.

Òun fúnra rẹ̀ ló kó páálí mẹ́rin náà lọ dà nù lẹ́yìn ilé. Mo ti gé ráádíṣì mi, mo dúró lójú fèrèsé, mò ń jẹ ẹ́, mo sì ń wò ó.