Ilẹ̀kùn Tí Mo Fá Lẹ́ẹ̀mẹta

Òjò ọjọ́ kẹsàn-án ṣì ń rọ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tún pè mí. Ó ní ilẹ̀kùn iwájú ilé òun ò tún tì mọ́. Inú bí mi gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fá ilẹ̀kùn náà lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti sọ fún un pé òjò ló wú igi, kò sí nǹkan míì. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣe káfíńtà. Ta ló fẹ́ kọ́ mi ní iṣẹ́ igi?

Bí mo ṣe ń lọ, gbogbo àdúgbò ló dúró lójú títì tí wọ́n ń wo odò. Odò ti kún dé ojú fèrèsé ilé alágbàfọ̀, àwọn tó ń gbé etí ẹ̀ sì ń kó ẹrù jáde. Àgbàrá ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Mo dúpẹ́ pé orí ilẹ̀ gíga, lẹ́sẹ̀ òkè, ni ilé ẹ̀gbọ́n mi wà. Omi ò lè débẹ̀ láéláé.

Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi. Ìdí màṣíìnì ni mo bá a, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ọ̀gá káfíńtà, ẹ káàbọ̀ o. Bó o bá tún fá a lónìí, kọ́tìnnì ló máa kù."

"Ẹ̀gbọ́n mi, igi ló ń mumi."

"Mo ti gbọ́. Igi ń mumi. Ìwọ náà ń mu kí ni?"

Mo tú ilẹ̀kùn kúrò lára férémù, mo gbé e lé orí tábìlì, mo ki ìfági bọ̀ ọ́. Èérún igi ń já bọ́, ó gbẹ táútáú. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti dúró. Igi tó mumi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èérún ẹ̀ máa ń rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ irin.

Mo fa téèpù láti igun òkè férémù lápá ọ̀tún dé igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, mo tún fà á lódìkejì. Iye kan náà ló yẹ kí méjèèjì jẹ́. Ọ̀kan fi ìka mẹ́ta gùn ju èkejì lọ. Èmi fúnra mi ni mo kan férémù yẹn, ó gún régé lọ́jọ́ tí mo kàn án.

Nǹkan kan ló ń ti ògiri. Mo sáré lọ sẹ́yìn ilé, lápá òkè. Ilẹ̀ ti lanu láàárín ògiri àti òkè, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mi ló wọ inú ẹ̀. Àwọn igi orí òkè ti tẹ̀ síwájú, wọ́n ń yọjú wo òrùlé. A ti ń ṣọ́ odò látàárọ̀, ẹnì kan ò wo ẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde, òkè fẹ́ wó lu ilé!"

"Kí n fi ilé sílẹ̀ gbayawu? Aṣọ oníbàárà kún ibí. Fi ilẹ̀kùn mi sí kí n tì í pa, n ó bá ẹ lọ."

"Kò lè wọ ibẹ̀ mọ́!"

"Ṣebí ìwọ lo ní igi ni? Fá a."

Òkúta kan yí wálẹ̀, ó ró gbàgà lára ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi ní ewúrẹ́ ni. Ọlọ́run ló mọ bí inú ṣe bí mi tó! Mi ò sì lè gbé e, ẹ̀gbọ́n mi fi ìlọ́po méjì tóbi jù mí lọ. Ọ̀rọ̀ kan ló kù lẹ́nu mi, ó sì korò ju jogbo lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣìṣe."

Màṣíìnì dákẹ́.

"Kì í ṣe igi. Igi ò ṣe nǹkan kan. Ilé yín ló ń rìn, èmi dẹ̀ ń fá ilẹ̀kùn. Mo ṣìṣe."

Ó wò mí. Ó dìde, kò wọ bàtà, kò mú báàgì, ó kọjá lára mi bọ́ sínú òjò. Mo sáré tẹ̀ lé e.

A ò tíì dé títì nígbà tí ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Nígbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, ilé ò sí níbẹ̀ mọ́, ẹrẹ̀ nìkan ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún, ojú ò tì mí.

Lọ́jọ́ kejì, nínú kíláàsì ilé ìwé tí wọ́n kó àwa ará àdúgbò sí, mo bi í pé ṣé òkúta yẹn ló lé e dìde.

"Òkúta wo? Láti kékeré, o fọ́ ìkòkò, o ní ìkòkò ló ṣubú. Àga tó o kàn ṣẹ́ mọ́ bàbá wa nídìí, o ní bàbá ló sanra. Ìgbà tí mo gbọ́ 'mo ṣìṣe' lẹ́nu ẹ ni mo mọ̀ pé ikú ti dé ẹnu ọ̀nà."

Mo wo ọwọ́ mi, ìfági tí mo gbé sá jáde lánàá ṣì wà níbẹ̀.